Ẹ Má Gbé Ifá Pamọ́ fún Òṣìṣẹ́ Kọ́ọ̀tù

Àwọn àgbà wa ni mo fẹ́ bá jà lónìí. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ọmọ awo dìde ní gbangba kí ó sọ pé àwọn tó tẹ òun nífá ṣìnà, ṣùgbọ́n ọ̀ràn yìí ti mú ọmọ méjì kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, yóò sì mú ti àwọn mìíràn lọ bí a bá ń fi ọ̀wọ̀ di ara wa lẹ́nu. Ìmọ̀ràn kan wà tí ó ti di àṣà láàrin wa ní Ìwó níhìn-ín. Bí ọkọ àti aya bá ń kọ ara wọn sílẹ̀, tí ilé ẹjọ́ sì ní kí òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní wẹ́fíà, wá wo ilé tí ọmọ yóò máa gbé, wọn á ní kí ẹ kó Ifá kúrò nílẹ̀. Ẹ kó ọpọ́n, ẹ kó ọ̀pẹ̀lẹ̀, ẹ fi aṣọ bo Èṣù tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ wá kàlẹ́ńdà ìjọ kan kọ́ sára ògiri, kí òṣìṣẹ́ náà lè rò pé ilé onígbàgbọ́ ni òun wọ̀. Mo ní ìmọ̀ràn burúkú ni. Ó ju burúkú lọ: iṣẹ́ àwọn tó kórìíra wa ni ó ń bá wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé inú ìwé ni mo ti kó ọ̀rọ̀ jáde. Ìgbéyàwó ìwé ni èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi ṣe, ọdún mọ́kànlá sì ni a fi wà pọ̀. Nígbà tí a fẹ́ra, ó mọ̀ pé ọmọ babaláwo ni mí, ó mọ̀ pé Ifá wà nílé, ó sì ń bá wa se oúnjẹ ọdún Ifá. Nígbà tó yá ni ó wọ ìjọ kan, wọ́n sì sọ fún un níbẹ̀ pé ilé tí ó ń sùn sí kò mọ́. N kò ní bà á jẹ́ níhìn-ín. Ìyá rere ni sí àwọn ọmọ náà, n ó sì padà sórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó pe ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ní ilé ẹjọ́ gíga, ó ní kí wọ́n kó ọmọ méjèèjì fún òun, ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ àti obìnrin ọmọ ọdún márùn-ún. Ohun tó kọ ṣáájú nínú ìwé ìpẹ̀jọ́ rẹ̀ ni pé mo ń kọ́ wọn ní ìbọ̀rìṣà, pé a ń ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní àgbàlá tí wọ́n ti ń ṣeré. Adájọ́ kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní kí wẹ́fíà lọ wo ilé méjèèjì kí ó sì mú ìjábọ̀ wá.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ni àwọn àgbà péjọ sọ́dọ̀ mi. Ìfẹ́ ló gbé wọn wá, n kò ní sẹ́ èyí láéláé. Èyí tí mo bọ̀wọ̀ fún jù lọ nínú wọn ló sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn: “Awo, ta ní í fi apó rẹ̀ han ọ̀tá kí ogun tó bẹ̀rẹ̀? Gbé Ifá kúrò. Bí wọ́n bá lọ tán, o ó gbé e padà.” Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo fi aṣọ funfun di Ifá tí baba mi gbà lọ́wọ́ baba rẹ̀, mo gbé e gun ọ̀kadà, mo sì gbé e lọ sí ilé àbúrò mi ní Bódè-Ọ̀sì. Ọmọ mi ọkùnrin ló bá mi tan tọ́ọ̀ṣì nígbà tí mo ń dì í. Ó bi mí pé ṣé a ti ta Ifá ni. Mo ní rárá, ó kàn lọ kí àbúrò mi ni, kí ó má sọ ọ́ fún obìnrin tó ń bọ̀.

Obìnrin náà dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò pariwo, kò fi ìbínú wọlé. Ó wo ilé ìdáná, ó wo ibùsùn àwọn ọmọ, ó ká àwọ̀n ẹ̀fọn sókè, ó bi mí nípa owó ilé ìwé. Ó wo àyè tó ṣófo lórí pèpéle tí Ifá máa ń wà, níbi tí eruku kò ti dọ́gba pẹ̀lú ìyókù, kò sì sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi, ó ní kí ni òun àti bàbá rẹ̀ máa ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́ pé kò gbọdọ̀ purọ́ wo ojú mi, ó wo ojú obìnrin náà, ó ní: “Ẹ̀ ń kọ́ mi ní Ifá ni, ṣùgbọ́n Bàbá ní n kò gbọdọ̀ sọ fún yín. Ó ti lọ kí bàbá kékeré.” Ó dàrú mọ́ ọn lẹ́nu, kò mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Nígbà tí agbẹjọ́rò mi ka ìjábọ̀ náà fún mi, mo ń retí kí wọ́n pè mí ní abọgibọ̀pẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ búburú kan nípa Ifá níbẹ̀ rárá. Ohun tí obìnrin náà kọ ni pé ilé náà mọ́ tónítóní, pé àwọn ọmọ sún mọ́ bàbá wọn, ṣùgbọ́n bàbá náà kọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ láti fi nǹkan pamọ́ fún òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́, ọmọ náà sì wà nínú ìdààmú nítorí rẹ̀. Nítorí náà, òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà nípa ohun mìíràn tó lè wà ní ìpamọ́. Ìlà mẹ́ta péré. Àwọn ìlà mẹ́ta yẹn ni adájọ́ kà jáde. Ọ̀dọ̀ ìyá wọn ni àwọn ọmọ wà báyìí, èmi sì ń rí wọn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ní ìdajì ìsinmi ilé ìwé. Ẹ̀yin àgbà, Ifá kọ́ ló gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Aṣọ funfun tí mo fi dì í ni.

Ní báyìí, ẹ gbọ́ ohun tí òfin wí, nítorí pé púpọ̀ nínú ìbẹ̀rù wa jẹ́ ti ohun tí a kò kà. Òfin Ọ̀ràn Ìgbéyàwó ti ọdún 1970, tó ń ṣe àkóso ìgbéyàwó ìwé ní Nàìjíríà, sọ ní abala 71 pé nínú ẹjọ́ tó bá jẹ mọ́ ìtọ́jú ọmọ, ire ọmọ ni ilé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi ṣáájú ohun gbogbo. Abala kan náà ló fún adájọ́ lágbára láti dá ẹjọ́ dúró títí òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn yóò fi mú ìjábọ̀ rẹ̀ wá. Kò béèrè ẹni tí òbí ń bọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sọ di òfin tirẹ̀ ní 2007, gbé ire ọmọ síwájú bákan náà, ó sì fi kún un pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí òmìnira èrò, ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn, pé ojúṣe òbí ni láti máa tọ́ ọ sọ́nà nínú ẹ̀tọ́ yìí. Abala 38 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 fún gbogbo ènìyàn ní òmìnira ẹ̀sìn, kò sì yọ Ìṣẹ̀ṣe sílẹ̀. Ìjọba Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ń fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ìsinmi Ìṣẹ̀ṣe ní ọjọ́ 20 oṣù Ògún. Ohun tí ìjọba ń fún ní ìsinmi, èwo ni ti pé kí n fi aṣọ bò ó nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá kan ilẹ̀kùn?

Àwọn kan yóò sọ pé ìwé lásán ni gbogbo ìyẹn, pé Ìwó ni a wà. Mo gbà, mo sì mọ̀ ju bí ẹ ti mọ̀ lọ. Ní oṣù Òkúdù ọdún 2016, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ gíga ní Òṣogbo dájọ́ lórí ọ̀rọ̀ híjáàbù, gbogbo ayé ló rí àwọn ọmọ ilé ìwé Baptist High School ní ìlú yìí tí wọ́n wọ aṣọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí kíláàsì. Àwọn ẹlẹ́sìn méjì ń fi ara ọmọ jà, kò sì sí ẹni tó béèrè pé àwọn ọmọ Ìṣẹ̀ṣe tó wà lórí ìjókòó kan náà ńkọ́. Mo mọ̀ pé òṣìṣẹ́ wà tí yóò ri Èṣù lẹ́nu ọ̀nà tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ Jésù. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Bí òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá rí Ifá tó wà ní ipò rẹ̀, tó sì kọ ọ́ pé nítorí rẹ̀ ni kí wọ́n gba ọmọ, ìkórìíra rẹ̀ ti hàn lórí ìwé, agbẹjọ́rò yín sì lè gbé e síwájú adájọ́ kí ó ní ìre ọmọ dà nínú èyí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fi pamọ́ tó sì rí i, kò nílò ìkórìíra mọ́. Irọ́ yín ti tó o.

A kò sì dá nìkan wà nínú ìjà yìí. Ní ọdún 1993, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ilẹ̀ Yúróòpù, ní Strasbourg, gbọ́ ẹjọ́ Hoffmann. Obìnrin ará Austria ni, ó di Ẹlẹ́rìí Jèhófà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ rẹ̀ sì kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì fún bàbá wọn. Adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin ní Strasbourg dájọ́ pé bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀sìn nìkan ni ìyàtọ̀ tí a fi yan òbí kan ju èkejì lọ, wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ. Ní oṣù kan náà ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ìjọ àwọn Lukumi láre, àwọn ọmọ baba wa tí ẹrú gbé lọ sí Kúbà, nígbà tí ìlú Hialeah ní Florida fẹ́ fi òfin dí wọn lọ́wọ́ ìrúbọ ẹran. Ìdájọ́ wọ̀nyẹn kò de adájọ́ tiwa lọ́wọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: àwọn Lukumi kò borí nípa pé wọ́n sẹ́ ẹbọ. Wọ́n dúró ní ilé ẹjọ́, wọ́n ní ẹran ni a ń pa, ìdí rẹ̀ sì nìyí.

Èyí mú mi dé orí ẹ̀jẹ̀ tí ìyá àwọn ọmọ mi kọ sínú ìwé. Bí òṣìṣẹ́ bá bi yín pé ṣé ọmọ máa ń wà níbẹ̀ bí ẹ bá ń pa ẹran, ẹ dáhùn bí ó ti rí. Ní Ìwó yìí, ọmọ wo ni kò dúró ti àgbò Iléyá rí kí wọ́n tó dùbúlẹ̀ rẹ̀? Kò sí ẹni tó ti ìdí ìyẹn gba ọmọ lọ́wọ́ òbí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọbẹ àti àdó ògùn ń sùn sílẹ̀ ní ibi tí ọwọ́ ọmọ ọdún márùn-ún ti lè tó o, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, àìbìkítà ni, òṣìṣẹ́ náà ní láti kọ ọ́.

Ìdí ọgbà keji tí àwọn àgbà wa ń farapamọ́ sí ni pé ọmọ ti baba ni. Ọkùnrin ni mí, ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi tẹ́lẹ̀. Wọ́n á ní lábẹ́ òfin ìbílẹ̀, kò sí ẹni tó lè gba ọmọ lọ́wọ́ ìdílé baba rẹ̀, wọ́n á sì ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ pàápàá sọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n gbọ́, ìdajì ni wọ́n gbọ́. Nínú ẹjọ́ Okwueze ní 1989, àwọn adájọ́ àgbà náà gbà pé lábẹ́ ọ̀pọ̀ òfin ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà, baba ni ọmọ ń bá lọ. Wọ́n sì fi kún un lójú ẹsẹ̀ pé ẹ̀tọ́ baba yẹn kò ní dúró níbi tí yóò bá ti pa ire ọmọ lára. Ẹni tó bá wọ kọ́ọ̀tù pẹ̀lú ìdajì àkọ́kọ́ nìkan yóò gbé ìtìjú bọ̀ wálé. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, nínú ẹjọ́ Odogwu, ilé ẹjọ́ kan náà ṣàlàyé pé ire ọmọ kì í ṣe aṣọ olówó ńlá, tẹlifíṣàn àti ẹ̀rọ amúlétutù; ìdùnnú ọmọ àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń dàgbà ló jù. Ẹ gbọ́ èyí, ẹ̀yin tí ẹ rò pé ìṣẹ́ yín ni yóò gba ọmọ lọ́wọ́ yín. Babaláwo tálákà tí ọmọ ń sá pàdé lẹ́nu ọ̀nà ní ohun tí olówó mìíràn kò ní.

Ẹ̀yin obìnrin wa, ẹ̀yin Ìyánífá, ẹ̀yin olórìṣà, mo mọ̀ pé tiyín le ju tiwa lọ. Wọ́n ń pe ọkùnrin ní abọgibọ̀pẹ̀. Àjẹ́ ni wọ́n ń pè yín. Kí ẹ mọ̀ pé òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù ilẹ̀ yìí ka fífi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn sí ẹ̀ṣẹ̀. Bí ọkọ tàbí ìyakọ bá ń pariwo rẹ̀ kiri àdúgbò, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tó ti sọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ mú un fún agbẹjọ́rò. Ẹ má fi èpè dáhùn. Èpè tí ẹ bá ṣẹ́ lójú ọmọ yín ni yóò dé inú ìjábọ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣẹ́ fún yín.

Kí wá ni kí ẹni tó ń retí wẹ́fíà ṣe? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí kò ní ọláńlá. Ẹ wá káàdì àjẹsára ọmọ jáde, nítorí òfin ọmọdé dárúkọ àjẹsára. Ẹ kó èsì ìdánwò ilé ìwé jọ, kí ẹ sì mọ orúkọ olùkọ́ rẹ̀. Ó máa ń tì wọ́n lójú, àwọn baba tí kò mọ kíláàsì tí ọmọ wọn wà. Ẹ mọ ẹni tí yóò wà pẹ̀lú ọmọ ní òru tí wọ́n bá wá pè yín fún ẹbọ ní oko, kí ẹni náà wà nílé lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ bá dé, kí ó lè sọ tẹnu rẹ̀. Bí ó bá bi yín pé kí ni ẹ máa ń ṣe bí ara ọmọ bá gbóná, tí ìdáhùn yín bá jẹ́ àgbo nìkan, ẹ ti ṣubú, ó sì yẹ kí ẹ ṣubú. Èmi ń lo àgbo. Agbo tí baba mi kọ́ mi ni. Ṣùgbọ́n bí ibà ọmọ mi bá kọjá òru kan, ọsibítù ni mo ń gbé e lọ, káàdì ọsibítù náà sì wà nínú àpò kan pẹ̀lú ti àjẹsára. Nípa Ifá kíkọ́, ẹ sọ wákàtí tí ẹ fi ń kọ́ ọ àti pé ìgbà tó bá parí iṣẹ́ ilé ìwé ni. Bí ọmọ kò bá fẹ́ kọ́ ọ, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá ní láti na ọmọ kí ó tó ráńtí Odù kò ní olùkọ́ nínú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo mọ̀ pé yóò bí àwọn kan nínú. Gbẹ́rẹ́. Abala 24 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fín ara ọmọ tàbí fi àmì sí i lára. Kò yọ gbẹ́rẹ́ àjẹsára ìbílẹ̀ sílẹ̀, kò yọ ilà ojú sílẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá ká ẹ̀wù ọmọ sókè tó sì rí gbẹ́rẹ́ tuntun ní àyà rẹ̀, òfin wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí ìwàásù òmìnira ẹ̀sìn tí yóò gbà yín. Àwọn kan ní kí a bá ìjọba jà kí wọ́n tún abala náà ṣe. Ẹ lọ bá wọn jà; ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wà ní Òṣogbo. Ṣùgbọ́n ẹ má fi àyà ọmọ tí ẹjọ́ rẹ̀ wà ní kọ́ọ̀tù jà á. Ọ̀nà tí a lè gbà dáàbò bo ọmọ nínú Ìṣẹ̀ṣe kò pin sórí abẹ.

Àti ẹ̀yin tí ẹ wá bá mi lẹ́yìn ìdájọ́ pé kí a di adájọ́ lẹ́nu, pé kí a fi orúkọ òṣìṣẹ́ náà ṣe oògùn kí ó lè yí ìjábọ̀ rẹ̀ padà: mo lé yín jáde lọ́jọ́ náà, n kò tí ì tọrọ àforíjì. Ẹ̀ ń sọ fún ayé pé ẹ̀sìn àlàáfíà ni tiwa, pé wọ́n ń parọ́ mọ́ wa, ẹ wá fẹ́ ṣe ohun gan-an tí wọ́n ń fi wá sùn sí obìnrin tó kọ òtítọ́ nípa mi. Mo dífá lórí ọ̀rọ̀ ara mi, mo sì rúbọ fún sùúrù. Èyí tó kù jẹ́ ti ẹsẹ̀ mi àti ti agbẹjọ́rò mi.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìyá wọn. Mo ní n ó padà síbẹ̀. Ní gbogbo oṣù tí ẹjọ́ náà fi wà nílẹ̀, mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa ní etí àwọn ọmọ. N kò bú u; mo kàn ń sọ pé “ẹni tó fi ilé sílẹ̀”, pé “àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín”. Mo rò pé ọmọdé kì í gbọ́ irú èyí. Ọmọ mi obìnrin ló sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ mi gan-an, pé ìyá òun ni ẹni tó fi ilé sílẹ̀. Ó wà nínú ìjábọ̀. Kò sí ẹ̀kọ́ awo kankan tó ní kí a sọ ìyá ọmọ di ọ̀tá ọmọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ìyá wọn ń kó wọn lọ sí ìjọ rẹ̀, mo sì ti dáwọ́ dúró láti máa bi wọ́n ní ohun tí wọ́n wàásù. Mo kọ èèwọ̀ àwọn méjèèjì sí ìwé, oúnjẹ méjì péré ni, mo fi ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kò fèsì. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ọkùnrin sọ fún mi pé àwọn kì í jẹ ẹ́ níbẹ̀. Àwọn kan láàrin yín rí èyí bí ìjọ̀gọ̀nù, pé mo ti fi ọmọ awo fún ìgbàgbọ́. Nínú agbo ilé wo ní Ìwó ni mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti oníṣẹ̀ṣe kò ti jọ ń fa omi nínú kànga kan? Àwọn ọmọ mi mọ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn láàrin ilé méjì. Àwa àgbà ni a kò mọ̀ ọ́n.

Ìdájọ́ lórí ìtọ́jú ọmọ kì í ṣe èyí tí a kọ sórí òkúta. Òbí lè padà wá bá ilé ẹjọ́ bí nǹkan bá ti yí padà, kí wọ́n tún un wò. Agbẹjọ́rò mi ti kọ̀wé. N kò béèrè pé kí wọ́n gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ ìyá wọn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa sùn sọ́dọ̀ mi ní òpin ọ̀sẹ̀, kí a sì jọ máa pín ìsinmi wọn. Ilé ẹjọ́ ti ní kí wẹ́fíà tún wá, obìnrin kan náà ni. Àwọn àgbà ti gbọ́, wọ́n sì ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ káàbọ̀, obì yóò wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti lọ sí Bódè-Ọ̀sì. Ní ọ̀sán gangan ni mo gbé Ifá baba mi bọ̀, mo gba iwájú ọjà Odò-Orí kọjá, n kò fi nǹkan kan bò ó. Ó ti wà lórí pèpéle rẹ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin bi mí pé kí ni kí òun sọ bí obìnrin náà bá tún bi òun léèrè. Mo ní ohunkóhun tó bá rí. Ó ronú díẹ̀, ó ní ṣé òun lè fi ikin hàn án, kí òun kà á fún un láti oókan dé mẹ́rìndínlógún. Ọjọ́bọ̀ ni obìnrin náà ń bọ̀. Mo ti gbé àga kan síwájú pèpéle náà fún un.